Ọ̀nà Èéfín Yàrá Ìkókó

Odindi ọdún kan ni mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé bàbá ọkọ mi kò láàánú lójú. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi ní Òkè-Ìlá, mo sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ ń pọn omi, mo tún kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ọkọ mi tó jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn ní Ìlá, ọ̀rọ̀ tí èmi àti Bàbá bá ara wa sọ kò tó èyí tí ènìyàn ń bá ẹni tó ṣìnà sọ. Màá kúnlẹ̀ láàárọ̀, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Yóò ní, "Àárọ̀ o, ìyàwó." Kí n tó dìde, ojú rẹ̀ ti padà sára páànù ọwọ́ rẹ̀. Èmi náà á fi ìbínú lọ sídìí ààrò, màá máa gbé ìkòkò kalẹ̀ gbàgà-gbàgà kó lè mọ̀ pé inú ń bí mi. Kò mọ̀.

Bàbá Onípáànù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún 1956 ni mò ń sọ yìí, nígbà tí ẹni tí kòkó bá ti ṣe dáadáa fún ń ṣí koríko kúrò lórí ilé, tó ń kan páànù. Bàbá ló kan èyí tó pọ̀ jù ní ìhà tiwa. Ó ń ṣe gọ́tà òjò, ó ń fi agolo ṣe àtùpà, ó ń ṣe àrọ tí wọ́n fi ń da epo sínú ìgò. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, yóò lọ jókòó sínú ilé onílé, yóò gbójú sókè, yóò máa dúró bóyá omi kan máa kán. Bí kò bá kán, yóò dìde, yóò gbọn aṣọ rẹ̀, yóò máa lọ sílé láìsọ nǹkan kan. Ìyẹn ni fàájì tirẹ̀.

Oṣù méje péré ni oyún mi nígbà tí ọmọ dé. Ọjọ́ Ajé ni, òjò sì ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Olúsọjí ọkọ mi wà ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ tíṣà. Lẹ́tà tí a kọ sí i ṣì wà lọ́nà. Nọ́ọ̀sì Bernice, agbẹ̀bí tó wá gbẹ̀bí mi nílé, gbé ọmọ náà sórí àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo. Obìnrin ni. Ó kéré débi pé òrùka ìgbéyàwó mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Dinah, ọmọ yìí ò tíì parí," ó sọ fún mi. "Ooru ló máa parí rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá jìnnà, ọkọ̀ ò rí ọ̀nà gbà nínú ẹrẹ̀, òtútù ọ̀nà á sì ti ṣe é léṣe kó tó débẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí òtútù kàn án. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ tútù kan ara rẹ̀. Bó bá lè di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ọkàn mi á balẹ̀."

Gbogbo ohun tó sọ lẹ́yìn "bó bá lè di" yẹn, n kò gbọ́ ọ mọ́. Ọjọ́ kẹjọ ni à ń sọ ọmọ lórúkọ. Títí di ọjọ́ náà, kò ní orúkọ. Àlejò ni gbogbo ilé ń pè é. Mo ń wo àlejò mi lórí ẹní, mo ń ka ọjọ́ lórí ìka ọwọ́.

Ní ilé wọn, ọkùnrin kì í wọ yàrá ìkókó kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, àfi bàbá ọmọ. Ti bàbá ọkọ tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé kò ní dá a láṣà láti wọ yàrá ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kankan. Nítorí náà, èmi àti Màmá la wà níbẹ̀. Moríyọ̀ ni orúkọ Màmá, ìyá ọkọ mi, obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe, tí kì í sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í ní ìdí. Ó dá iná sí kọ̀rọ̀ yàrá, ó na okùn sókè iná, ó sì ń sá ìlédìí ọmọ sórí rẹ̀ torí pé níta kò sí oòrùn tó lè gbẹ nǹkan kan. Igi tútù ni a ní. Bí iná ṣe ń jó ni èéfín ń kún yàrá. Ìlédìí ń gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń rùn bí ẹja yíyan, ojú wa ń ṣomi. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìwúkọ́ ọmọ tí kò tíì parí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Kò ní agbára rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ni yóò ká jọ, yóò pọ́n, yóò tún fẹ́ dúdú, kí ohùn kékeré kan tó jáde.

Ní Ọjọ́rú, Nọ́ọ̀sì Bernice dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì padà sẹ́yìn. "Ẹ fẹ́ fi èéfín pa ọmọ yìí ni? Ẹ gbé iná yìí jáde!"

"Kí òtútù wá pa á?" Màmá dá a lóhùn. "Ṣé ìwọ kọ́ lo ní ooru ló máa parí rẹ̀ ni?"

"Ooru ni mo pè, Màmá, n kò pe èéfín."

"Iná tí kò ní èéfín, mú un wá kí n rí i."

Wọ́n ń jà lórí mi báyìí, àwọn méjèèjì ló sì tọ̀nà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Bí a bá gbé iná jáde, ọmọ á kú. Bí a bá fi í sílẹ̀, ọmọ á kú. Mo bú sẹ́kún. Ìgbà náà ni ohùn kan wá láti ẹ̀yìn fèrèsé tí a tì.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé iná náà sínú agbá, kí n sì la ọ̀nà fún èéfín."

Bàbá ni. N kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ kúrò níwájú ilé wá sábẹ́ fèrèsé wa, lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, tí omi ń ta sí i lẹ́sẹ̀.

Kò dúró kí ẹnikẹ́ni fún un ní èsì. Láìpẹ́ ni mo gbọ́ àlùmọ́gàjí páànù, ìró rẹ̀ ń lọ gẹ̀rẹ́ gẹ̀rẹ́ gẹ̀rẹ́. Ó gé páànù pẹlẹbẹ, ó ká a mọ́ ìtì igi, ó ṣẹ́ etí méjèèjì kí wọ́n lè kọ́ ara wọn, ó sì fi òòlù onígi tẹ̀ wọ́n pa, ó di páìpù. Màmá ló ń jáde lọ wò ó, ó sì ń wá ròyìn fún mi. Ó bi í pé kí ló dé tí kò fi òjé lẹ̀ ẹ́ bó ti ń lẹ garawa. Bàbá ní iná yóò yọ́ òjé, nítorí náà páànù ni yóò di páànù mú. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀mú fún etí kan jọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ó lè wọ inú páìpù kejì. Mẹ́fà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún mú agbá kékeré kan tí wọ́n kó epo sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó gé ojú iná sí ìhà kan, ó sì fi ọrùn sí i lórí níbi tí páìpù máa dúró.

Màmá yí agbá náà wọlé. Ó kù kí Bàbá mọ bí ibi tí páìpù máa gbà jáde ṣe ga tó. Kò lè wọlé wá wọ̀n ọ́n. Okùn kan yọ wọlé láti ojú fèrèsé.

"Ìyàwó, di orí okùn yìí mú níbi ọrùn agbá. Màmá á mú un gba ara ògiri lọ sókè."

Mo dì í mú. Mo gbọ́ ọ tí ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ níta títí ó fi le láàárín wa.

"Má fà á jù. Ẹ̀n-ẹ́n. So ó ní kókó síbẹ̀."

Mo so ó ní kókó. Ìyẹn nìkan ti ju ohun tó bá mi sọ láti oṣù kan lọ.

Ọjọ́bọ̀ ló fi irin lu ògiri. Ògiri amọ̀ ni, ó nípọn. Èrúpẹ̀ ń já sílẹ̀ nínú yàrá, Màmá fi ara bo ọmọ. Nígbà tí irin yọ wọlé, ìmọ́lẹ̀ wọlé pẹ̀lú rẹ̀, mo sì rí ojú Bàbá kan ṣoṣo nínú ihò náà. Kíá ló yí i kúrò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o," bí ẹni pé òun ló jalè wọlé.

Màmá kò lè na apá sókè pẹ́ torí làkúrègbé, ọmọ sì wà láyà rẹ̀ nínú aṣọ. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni mo dúró lórí àpótí, tí mò ń to páìpù. Bàbá ń fi wọ́n gba ojú fèrèsé wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ bí n ó ti ṣe é. "Etí tí mo fún jọ yẹn, òkè ni kó kọjú sí. Ti òkè ni kó bo ti ìsàlẹ̀, bí a ti ń kan páànù ilé." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èyí tó tẹ̀ bí ìgúnpá wọ inú ihò ògiri, tí Bàbá sì ti òde mú un, ohùn rẹ̀ gba inú páìpù wá sí etí mi, ó sún mọ́ mi débi pé mo fò.

"Ìyàwó, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́ yín, Bàbá."

"Àlejò ńkọ́?"

"Ó wà láyà Màmá. Ó ń mí."

Mo gbọ́ ọ tó gbé òòlù kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ náà ńkọ́?"

Láti ọjọ́ Ajé, kò tíì sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń béèrè ọmọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Èmi náà, ọmọ ni mò ń béèrè. Mo fi iwájú orí mi ti páànù tútù yẹn, mo sunkún díẹ̀. Mo ní, "Mo wà, Bàbá." Ó ní, "Ó dáa." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lu nǹkan mìíràn.

Ó na páìpù tó wà níta sókè kọjá etí òrùlé, ó dé fìlà páànù fún un kí òjò má wọ inú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Màmá dá iná sínú agbá. Èéfín yí po nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rí ọ̀nà, ó sì gòkè. Mo gbọ́ igbe Bàbá níta: "Ó jáde! Ó jáde o!" Àwọn ará àdúgbò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ilé Bàbá Onípáànù ń mu tábà. Nínú yàrá, ojú wa mọ́. Agbá gbóná, páìpù náà gbóná, a na okùn yí i ká, ìlédìí sì gbẹ kí omi tí mo fi fọ àwọn ìyókù tó tutù. Àlejò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta péré kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní ó parí.

Kò parí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo na ọwọ́ mú ìlédìí kan, mo sì rí i tó dúdú. Omi dúdú tó ki ń yọ jáde láti ibi tí páìpù ti pàdé páìpù, ó ń ṣàn sílẹ̀ lára páànù, ó ń kán sórí aṣọ, ó sì ń kán sórí agbá gbígbóná. Bó bá ti kán sórí agbá, yóò hó ṣàà, èéfín kan tó ta ju ti àkọ́kọ́ lọ yóò sì gbéra. Kó tó di pé oúnjẹ àárọ̀ jinná, yàrá ti kún. Àlejò wúkọ́ títí ètè rẹ̀ fi yí padà. Màmá fi ìka yọ itọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Olúsọjí!" ó kígbe sí ojú fèrèsé. "Ẹ wá yọ nǹkan yín kúrò! Òjò ń gba inú rẹ̀ wọlé!"

"Òjò kì í wọ iṣẹ́ mi," Bàbá dáhùn. Ó gun àkàbà nínú òjò. Ó ṣe fìlà tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Omi ń kán. Ó tún gùn ún, ó fi ọ̀dà dí ẹnu ihò ògiri yíká. Omi ń kán. Ó gùn ún lẹ́ẹ̀kẹta, n kò mọ ohun tó lọ ṣe, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ lórí páànù. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ọkùnrin yìí ti ń dènà òjò, òjò sì ń wọ yàrá ọmọ ọmọ rẹ̀.

Èmi ni mo jókòó ti páìpù náà, èmi ni mo lè rí i. Mo mú àkísà, mo nu páìpù gbẹ láti òkè dé ilẹ̀. Òjò dá fún ìgbà díẹ̀ lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, síbẹ̀ omi dúdú ń yọ. Mo gbójú sókè: ibi tí páìpù ti jáde kúrò nínú ògiri gbẹ. Abẹ́ etí ibi tí wọ́n ti so pọ̀ nìkan ni omi ti ń yọ. Mo wá rántí ìdérí ìkòkò, bí a bá ṣí i, bí omi ti ń ṣàn nínú rẹ̀. Igi tútù la fi ń dáná. Omi inú igi ń bá èéfín gòkè, ó ń pàdé páànù tútù lókè, ó ń di omi, ó sì ń ṣàn padà sílẹ̀ nínú páìpù. Bó bá sì ti dé ibi tí etí ìsàlẹ̀ ti wọ inú ti òkè, yóò bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì jáde. Ẹni tó ń kan òrùlé ló sọ bí a ó ti to páìpù yẹn. Ó dènà omi tó ń ti òde bọ̀, kò rántí pé omi lè ti inú wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Odindi ọdún kan ni mo ti ń wá ọ̀nà tí n ó fi borí bàbá ọkọ mi, ó sì wá bọ́ sí mi lọ́wọ́ yìí. Kò dùn mọ́ mi rárá. Báwo ni ìyàwó ilé, ọmọ ogún ọdún, ṣe fẹ́ sọ fún Bàbá Onípáànù pé kò mọ páànù kàn? Ṣùgbọ́n ọmọ mi tún wúkọ́. Mo kúnlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Òjò tí ẹ ń dènà níta, inú páìpù ló ti ń rọ̀."

Mo gbọ́ ọ tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà. Mo rò pé mo ti ba nǹkan jẹ́.

"Tún un sọ," ó wí.

Mo tún un sọ. Mo sọ nípa igi tútù, mo sọ nípa ìdérí ìkòkò, mo sọ ibi tí omi ti ń yọ. Ohùn mi ń kéré sí i bí mo ti ń sọ ọ́ lọ. Nígbà tí mo parí, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ẹ̀rín. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ẹ̀rín tó ti inú wá ni, tó sì ní ìtìjú díẹ̀ nínú.

"Láyé mi! Láti ọjọ́ tí mo ti mọ òòlù mú, mò ń lé omi kúrò nínú ilé. Èmi náà ni mo tún wá ṣe ọ̀nà fún un wọ inú yàrá ìkókó!" Ẹ̀rín náà dúró. "Ìyàwó, o ríran. Ti òkè ló yẹ kó wọ inú ti ìsàlẹ̀, kí omi lè padà sínú iná tó ti wá. A ó dojú gbogbo wọn bolẹ̀. Ṣùgbọ́n a ní láti pa iná."

Màmá wò mí, mo wo Màmá. Òjò ti tún bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Pa iná? Màmá tú ìró rẹ̀, ó gbé àlejò lé àyà rẹ̀ lásán, ara kan ara, ó sì fi gbogbo aṣọ tó gbẹ nínú yàrá wé àwọn méjèèjì. Ó ní, "Ẹ yára."

Mo bu eérú pa iná. Páìpù kò tíì tutù. Mo fi àkísà tútù di ọwọ́, mo ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jó mi níka méjì, mo ṣì ní àpá rẹ̀ títí dòní. Mo ń tì wọ́n jáde sí Bàbá gba ojú fèrèsé, ó ń tún etí wọn ṣe, ó ń tì wọ́n padà. Ọrùn agbá kéré jù fún etí tuntun. Màmá ní kí n yí agbá lọ sẹ́nu ọ̀nà, Bàbá kọjú sí òde, ó na ọwọ́ sẹ́yìn fà á jáde, ó sì lu ọrùn rẹ̀ gbòòrò. Ìgúnpá kò gbà. Ó gé e, ó tún un ṣe. Òtútù ti ń mú èmi tí mò ń ṣiṣẹ́, tí mò ń làágùn. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àfi Bàbá, ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, ó ń sọ pé, "Yí i sí ọ̀tún díẹ̀. Fi ọwọ́ gbá a. Má bẹ̀rù. Ó kù méjì. Ó kù ẹyọ kan."

Mo dá iná náà padà. A jókòó, a ń wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún ìṣẹ́jú. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ yí ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ká, ó gbẹ. Omi ń padà sínú iná, a ń gbọ́ ọ tó ń hó pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ nínú lọ́hùn-ún, èéfín rẹ̀ sì ń bá ti ìyókù gòkè lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé, Màmá gbé ìkòkò lọ pọnmi. Yàrá gbóná wọ́ọ́rọ́, kò sí èéfín, ìlédìí funfun kún orí okùn. Mo tẹ́ àlejò sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo ní kí n kàn pa ojú dé. Láti ọjọ́ Ajé n kò tíì sùn dáadáa.

Ìdákẹ́jẹ́ ló jí mi. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìwúkọ́ ọmọ yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ó wà láàyè. Kódà bí mo bá sùn, etí mi wà níbẹ̀. Ní báyìí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo yíjú sí i. Ojú rẹ̀ pa dé, aṣọ bò ó dé àgbọ̀n. N kò rí i kí àyà rẹ̀ gbéra. Ó yẹ kí n fọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi sì kọ̀ jálẹ̀.

"Ìyàwó," Bàbá wí níta.

Ojú mi kò kúrò lára ọmọ.

"Ìyàwó, n kò gbọ́ ìwúkọ́ àlejò láti ìgbà tí Màmá ti jáde." Òun náà ń kà á, láti òde. "Ìyàwó. Dinah! Dinah, dá mi lóhùn!"

Mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀yìn ló fi wọlé. Mo rí ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ tí òjò ti rin, mo rí gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ń wá ilẹ̀ kiri, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó la àtẹ́lẹwọ́ sí mi. "Gbé e fún mi. N kò wo ibì kankan. Gbé e fún mi."

"N kò lè fọwọ́ kàn án, Bàbá," mo ní. "Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, ó kúnlẹ̀ létí ẹní mi, ó sì gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fi etí sí i lẹ́nu. Ó gbọ́, ó gbọ́, n kò rí nǹkan kan lójú rẹ̀. Lójijì ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ó tọ̀ sí mi lọ́wọ́."

Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

"Dinah, ó tọ̀ sí mi lọ́wọ́! Ó gbóná! Ó gbóná wọ́rọ́wọ́rọ́!"

Inú bí àlejò pé wọ́n jí òun. Ó ya ẹnu, ó ń wá ọmú kiri lára ẹ̀wù Bàbá. Oorun ló ń sùn. Oorun lásán, èyí tí kò sí ìwúkọ́ nínú rẹ̀, tí èmi kò tíì rí kó sùn rí. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, mo na ọwọ́ sí i, Bàbá kò sì fẹ́ gbé e fún mi.

"Márùn-ún ni mo bí," ó sọ, ọmọ ló ń bá sọ ọ́, kò bá mi sọ ọ́. "Olúsọjí nìkan ló kù. Nígbà tí ìyá rẹ wọlé wa, mo ní bí n kò bá sún mọ́ ọn jù, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, bóyá kò ní dùn mí tó ti àtẹ̀yìnwá." Omijé ń gba irùngbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. "Irọ́ ni. Láti ọjọ́ tí o ti dé ni n kò ti lè jẹun."

Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe wọlé bá wa, ìkòkò omi lórí. Ó rí ọkọ rẹ̀ nínú yàrá ìkókó, ọjọ́ méjì ṣáájú ìsọmọlórúkọ, lórí ẹní ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó la ẹnu.

"Ó ń mí, Moríyọ̀," Bàbá sọ fún un. "Kò wúkọ́, ó sì ń mí."

Màmá sọ ìkòkò omi kalẹ̀. Ó wá jókòó tì í, ó fi orí lé e léjìká, kò sì rántí bá a jà.